ÌJÓKÒÓ ỌKỌ̀ ÌJÀPÁ: A KÌ Í FI Ẹ̀TẸ̀ SÍLẸ̀ PA LÀPÁLÀPÁ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye owó kòkó. Ọ̀rọ̀ ìjókòó mọ́tò ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rẹ́rìn-ín, tí ó ń wí pé, "Kí ni ti akọ̀wé nínú ọ̀rọ̀ ìjókòó?" àwa bẹ̀ ẹ́ kí ó fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé ìjókòó tí à ń wí yìí, díẹ̀ ni ó kù kí ó jó ìyá tí ó bí wa lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́.

Ọkọ̀ náà ni Volkswagen kékeré tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rìbìtì bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, Ìjàpá sì wà lára àwọn tí wọ́n tò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2003, ni a ṣe èyí tí ó kẹ́yìn gbogbo wọn ní Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí iye wọn ti ju mílíọ̀nù 21 lọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè ra tuntun mọ́. Ẹni tí ó bá ní tirẹ̀, títún un ṣe ni yóò máa tún un ṣe. Bàbá wa ra tirẹ̀ ní ọdún 1979. Ó fi gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó fi gbé aláboyún àdúgbò lọ sí ilé ìwòsàn ní ọ̀gànjọ́ òru, ó sì fi gbé ìyá wa lọ sí òde níye ìgbà. Nígbà tí bàbá papò dà, àwa ni ọkọ̀ náà kàn.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 2019, ìjókòó ọkọ̀ náà ti di ohun ìtìjú. Awọ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹ̀fun pupa kan sì ń dà láti abẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá fi aṣọ funfun wọ ọkọ̀ náà kò ní fi funfun sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ní òde kan tí ó fẹ́ lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Kejìlá. A gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ìjókòó kan tí a kò ní dárúkọ. Ọjọ́ méjì péré ni ó fi ṣe é. Nígbà tí a dé ibẹ̀, lẹ́dà pupa ni a rí, ó ń dán yinrinyinrin, okùn funfun sì yí etí rẹ̀ ká. Tayọ̀tayọ̀ ni a san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yọjú wò ó ní gbogbo ibi tí a bá dúró sí, inú wa sì ń dùn.

Ní ọjọ́ òde náà, ìyá wa jókòó sí ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ẹrù wọn sì wà láàrin. A kọjá Fìdítì. Ìyá wa ní, "Ọmọ mi, ìdí mi ń gbóná o." A rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Oòrùn ni. Awọ tuntun a máa mú ooru." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó pariwo. Òórùn bí ẹni pé àpò ń jóná gba inú ọkọ̀ kan, èéfín sì ń rú láàrin ẹsẹ̀ wọn. A dúró, a fa àwọn àgbà méjèèjì jáde, a gbé ìjókòó sọ sínú koríko. Iná ti lu abẹ́ rẹ̀, ihò náà tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n bá wa bu yanrìn lé e títí tí ó fi kú. Ọlọ́run ni ó yọ wá. Ìró ìyá wa nìkan ni ó jóná.

Ìyá wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí yóò sọ ọ́, ó ní, "Ẹ̀wù tuntun ni ẹ wọ̀ fún un, ẹ kò wo egbò abẹ́ rẹ̀." Àwa àti oníṣẹ́ náà ni ó ń bá wí.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé bí iná náà ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ tí ń gun Ìjàpá ni kò mọ ohun tí wọ́n jókòó lé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ mìíràn, iwájú ni bátìrì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ̀ńjìnnì Ìjàpá wà, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún ni bátìrì rẹ̀ sì ń gbé. Bátìrì ní orí méjì. Wáyà láti orí kan lọ so mọ́ ara ọkọ̀. Nítorí náà, gbogbo irin ara ọkọ̀ ti di ọ̀kan pẹ̀lú orí náà. Bí irin kankan bá wá kan orí kejì, tí ó sì tún kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo agbára bátìrì yóò ya gba inú irin náà, irin náà yóò sì pọ́n bí ẹyin iná. Sípíríǹgì ìjókòó, irin ni. Ohun tí ó wà lórí sípíríǹgì, àpò àti fọ́nrán gbígbẹ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà fi fi ìdérí bo bátìrì. Ìdérí tiwa ti sọnù kí bàbá wa tó kú, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí a padà dé Ìbàdàn, a wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Mọ́kọ́lá, tí ó ti ń ṣe ìjókòó mọ́tò láti ìgbà èwe rẹ̀. A ro ẹjọ́ wa, a sì retí pé yóò bú ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kò bú u. Ó bi wá pé, "Akọ̀wé, nígbà tí ó ń ṣe é, ǹjẹ́ ẹ ní kí ó ṣí inú rẹ̀ hàn yín?" A ní, "Rárá, Bàbá." Ó ní, "Ẹ ní kí ó dán, ó sì dán. Ohun tí ẹ bẹ̀ ẹ́ ni ó ṣe fún yín." Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọ eegun, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. A jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi ṣe iṣẹ́ náà, ohun tí a rí ni a sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tú wáyà bátìrì. Èyí tí ó so mọ́ ara ọkọ̀ ni ó tú ṣáájú, òun náà ni ó sì so kẹ́yìn nígbà tí iṣẹ́ parí. Ó ní bí a bá kọ́kọ́ tú èkejì, tí sípánà ọwọ́ wa bá ṣèèṣì kan ara ọkọ̀, iná yóò ta sí wa lójú. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìjókòó jáde. Ti ẹ̀yìn kò ní wàhálà, nítorí bí a bá gbé etí iwájú rẹ̀ sókè, tí a sì fà á, yóò bọ́. Ti iwájú ní tirẹ̀ ń rìn lórí irin méjì bí ọkọ̀ ojú irin. Ó tú ohun tí ó dá a dúró, ó sì tì í síwájú títí tí ó fi yọ.

Nígbà tí ó ṣí lẹ́dà pupa náà, a rí i pé awọ àtijọ́ wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ya sí. Ńṣe ni a kàn gbé ọ̀kan lé èkejì. Inú wa bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú Bàbá dùn. Ó ní awọ tí ó bá ọkọ̀ wá ni òṣùwọ̀n tòótọ́. Lẹ́dà pupa yìí, orí ìjókòó tí ó ti rì ni a ti wọ̀n ọ́n, kò sì ní gba ìjókòó náà mọ́ bí a bá ti gbé e dìde. Báyìí ni owó àkọ́kọ́ ṣe wọ omi. Bàbá tú ojú rírán awọ àtijọ́ náà ní apá òsì nìkan, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ègé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ láìtú, kí ó lè máa wo bí a ṣe rán ọ̀kan mọ́ èkejì.

Nígbà náà ni a wá rí ẹ̀tẹ̀ tí a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Sípíríǹgì mẹ́rin ti kán, ìpẹtà ti jẹ ìdí wọn, ẹnu ọ̀kan sì dojú kọ ilẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Bàbá na ìka sí rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni omi òjò ti ń wọlé láti ọdún pípẹ́, tí àpò inú ìjókòó sì ń mu ún. Ó ní kí a pààrọ̀ rọ́bà náà kí òun tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí wẹ́dà jó àwọn sípíríǹgì tí ó kán pọ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iná a máa pa agbára sípíríǹgì, ibi tí a bá jó náà ni yóò tún kán. Inú ìjókòó Ìjàpá mìíràn tí ó ti kú ni ó ti yọ àwọn tí ó yè, ó sì fi wáyà líle dì wọ́n mọ́ férémù. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tí ó kù, ó kùn ún ní ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà, ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lórí sípíríǹgì, ó tẹ́ aṣọ àpò, irú èyí tí a fi ń di kòkó, kí irin má baà máa jẹ ohun tí ó wà lókè. Lórí àpò ni tìmùtìmù inú wà. Ti àtijọ́ jẹ́ fọ́nrán èèpo àgbọn tí a fi oje rọ́bà dì pọ̀. Ó dára púpọ̀ nítorí afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, ìyẹ̀fun ni yóò dà. Bàbá fi èyí tí ó ṣì le sílẹ̀, ó sì fi fóòmù líle dí ibi tí ó ti jẹ. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo fóòmù rírọ̀, nítorí kì í pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí a má sì ṣe kó o pọ̀ jù, kí orí awakọ̀ má baà kan òrùlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì jìnnà sí bíréèkì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ó tó kan lẹ́dà, èyí tí àwa ti fi ṣe àkọ́kọ́. Òwú náílọ́ọ̀nù ni ó fi rán an, nítorí oòrùn a máa jẹ òwú lásán. Ó jẹ́ kí ojú rírán jìnnà síra díẹ̀. Ó ní bí ihò abẹ́rẹ́ bá sún mọ́ra jù, lẹ́dà yóò ya lójú ihò bí ìwé sítáǹbù. Nígbà tí ó parí rírán, ó sá a sí oòrùn kí ó rọ̀, ó fà á bo ìjókòó nígbà tí ó ṣì gbóná, ó sì fi etí rẹ̀ há eyín irin tí ó wà lábẹ́ férémù. Nígbà tí ó tutù, ó le gbọnyin, kò ní ìwúnjọ kan.

A ti ń ki ọwọ́ bọ àpò láti sanwó, Bàbá ní kí a dúró. Ó de bátìrì mọ́lẹ̀ kí ó má lè mì, ó fi ìdérí tuntun bò ó, ó fi ṣọ́ọ̀kì kun orí ìdérí náà, ó sì gbé ìjókòó lé e. Ó pe mẹ́ta nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sanra jù, ó ní kí wọ́n jókòó sí apá ọ̀tún, kí wọ́n máa fò. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìjókòó náà sókè, ó yí abẹ́ rẹ̀ sí wa. Kò sí ṣọ́ọ̀kì lára sípíríǹgì kankan. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ lè sanwó wàyí."

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹlòmíràn fi ń ṣòwò, ẹlòmíràn fi ń rántí òbí rẹ̀. Bí ìjókòó rẹ̀ bá gbó, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè àwọ̀ lẹ́dà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ ṣí i lójú yín, kí ẹ ka sípíríǹgì, kí ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí Ìjàpá bá ni, ẹ bèèrè ìdérí bátìrì kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin oníṣẹ́ náà, bí oníbàárà bá ní kí ẹ ṣe é kí ó dán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ ká a. Bí kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún inú ṣe ní oṣù yìí, kí ó ra lẹ́dà ní oṣù tí ń bọ̀. Ìjókòó tí awọ rẹ̀ ya lè ba aṣọ jẹ́. Èyí tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lè gba ẹ̀mí.

Ìyá wa ti tún wọ ọkọ̀ náà láti ìgbà yẹn. Kí ó tó jókòó, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ apá ọ̀tún náà lẹ́ẹ̀mẹta, a kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Àdúrà àwọn baba wa ni pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín ni tiwa. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe àmín náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, kí a wo abẹ́ rẹ̀.