Omi Orí Àjà: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ Tí Ń Paná Nínú Ilé

Ìròyìn ayọ̀ ló máa ń wù wá láti fi ṣáájú nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọ̀rọ̀ iná ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó ti kan ilé ọ̀kan nínú wa.

Ní ọyẹ́ èṣí, ní nǹkan bí aago 2 òru, wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa pé iná ń jó ní ilé bàbá kan, àgbà nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Kàdúná. Bàbá yìí ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Nígbà tí ó ń kọ́lé, ó ní kí wọ́n fi sprinkler sí i, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fọ́n omi láti àjà fúnra rẹ̀ bí iná bá ṣẹ́yọ. Gbogbo wa la mọ ilé náà sí ilé tí kò lè jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, pálọ̀ ti ń jó lala, omi kò sì kán láti òkè. Ìyá ìyàwó wọn wà nínú yàrá, irin sì wà lójú fèrèsé. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, Yorùbá, Haúsá àti Íbò, ló fi ọ̀pá irin já a kí a tó gbé Màmá jáde.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀mí kankan kò lọ sí i. Àmọ́ àpótí Màmá jó, pẹ̀lú fọ́tò kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wọn nínú ti ọkọ wọn tó ti di olóògbé. Wọn kò sọ̀rọ̀ ilé rárá. Fọ́tò náà ni wọ́n ń béèrè títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní ọjọ́ kejì a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Páìpù kan ti jò ní oṣù 7 ṣáájú. Ẹni tó wá tún un ṣe ti fáàfù pa, kò sì rántí ṣí i mọ́. Bàbá rò pé àwọn ọmọ ti wò ó, àwọn ọmọ rò pé Bàbá ti wò ó. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, àmọ́ orí irú oorun bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1874 ni Henry Parmalee ṣe irú rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ dùùrù rẹ̀ ní New Haven ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ìpínlẹ̀ California ti sọ ọ́ di òfin fún ilé tuntun láti 2011, orílẹ̀-èdè Wales náà láti 2016, nítorí náà àwọn ọmọ wa kan tó wà lókè òkun ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Páìpù tí omi kún inú rẹ̀ wà lórí àjà, ẹnu kéékèèké sì yọ láti ara rẹ̀ sínú yàrá. Gíláàsì kékeré kan tí oje wà nínú rẹ̀ ló dí ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí ooru bá mú oje náà wú, gíláàsì á fọ́, omi á sì tú jáde. Èéfín kò lè ṣí i. Ẹnu tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣí, gbogbo ilé kì í tutù lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn kan ti rò.

Àwọ̀ oje inú gíláàsì ni ẹ ó fi mọ ìwọ̀n ooru tí yóò fọ́ ọ: pupa jẹ́ 68 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, yẹ́lò jẹ́ 79, àwọ̀ ewé jẹ́ 93. Pupa dára fún yàrá. Ṣùgbọ́n lábẹ́ páànù, níbi tí oòrùn Òkè Ọya ti ń mú gan-an, ẹ lo yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé, kí oòrùn má baà tú omi sí yín lórí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Lóṣooṣù, ẹ fojú yín rí i pé fáàfù ṣí sílẹ̀, ẹ sì fi ṣéènì dè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wo táǹkì bóyá ó kún, kí ẹ sì tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ṣí ẹnu ìdánwò kí ẹ gbọ́ bóyá agogo á dún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi aṣọ kọ́ ọ, ẹ má sì to ẹrù dé ìwọ̀n 45 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ rẹ̀. Bí kunlékunlé bá fi ọ̀dà kan ẹnu rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ má ha á.

Ẹ̀yin tí tiyín ti pẹ́, àtúnṣe wà. Ẹ pààrọ̀ àwọn ẹnu àtijọ́ tí ń lọ́ra sí irú ti ilé gbígbé tí ń tètè ṣí. Ẹ rí i pé omi yín lè tó ẹnu méjì fún ìṣẹ́jú 10; táǹkì lítà 2,000 lè ṣe é ní ọ̀pọ̀ ilé. Táǹkì orí òpó nìkan kì í sábà ní agbára tó. Ó yẹ kí pọ́ǹpù wà, kí ohun tí yóò máa gbé e sì wà nígbà tí iná mànàmáná bá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní in, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. A kò tíì gbàgbé oṣù Kẹta 2016, nígbà tí iná run ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ní ọjà Sábọ̀n Gàrí ní Kánò. Ẹ má tọ́jú epo jẹnẹrétọ̀ sínú ilé. Ẹ gbé garawa yanrìn sí tòsí ilé ìdáná, ẹ ra agogo tí ń kígbe bí ó bá gbóòórùn èéfín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣe irin ojú fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ní èyí tí ọmọdé lè ṣí láti inú. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112.

Àwa tí a ń ṣe akọ̀wé ní réluwé mọ̀ pé iṣẹ́ gbogbo ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà a ra ìwé olówó kékeré kan fún Bàbá, a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù. Ọmọ wọn obìnrin ló ń kọ ọjọ́ tí wọ́n wò ó àti orúkọ ẹni tó wò ó. Títí di òní, kò tíì fo oṣù kan.

Màmá ti le, wọ́n sì kí gbogbo yín. Ọkọ wọn ti jẹ akápò ẹgbẹ́ wa rí. Bí fọ́tò ìpàdé tàbí ti ìnáwó àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín tí Bàbá akápò wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó ya irú rẹ̀ fún Màmá, a ó sì dá tiyín padà.