Ṣé o mọ̀? A tibí kì í ṣe A tọ̀hún

Bọ́tìnnì A tó wà lápá ọ̀tún lára ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Switch, ìsàlẹ̀ ló wà lára Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká mìíràn. B tó wà nísàlẹ̀ níbí, apá ọ̀tún ló wà lọ́hùn-ún. X àti Y náà gbapò ara wọn. Ọdún 1990, tí ẹ̀rọ géèmù Super Famicom jáde ní Japáànì, ni Nintendo, tó ṣe Switch, kọ́kọ́ to tirẹ̀ báyẹn. Ètò ti ẹ̀rọ géèmù Xbox ọdún 2001 ni Steam Deck mú lò ní 2022. Lára Switch àti Steam Deck, A ló sábà máa ń túmọ̀ sí “ó yá”, B sì ni “padà sẹ́yìn”. Ẹni tí Switch ti mọ́ lọ́wọ́, tó wá di Steam Deck mú, “ó yá” ló fẹ́ tẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ á sáré lọ sápá ọ̀tún, géèmù á sì padà sẹ́yìn.