Ta Ni Ọmọ Àgbẹ̀?

A fẹ́ pe àkíyèsí àwọn ènìyàn wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, pàápàá jùlọ àwọn olùkọ́, sí ọ̀ràn kan tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, kò sí ẹni tí ó bi ọmọ léèrè iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ilé ìsìn tàbí olówó kan bá ya owó ìrànwọ́ sọ́tọ̀ fún ọmọ àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ní láti fi ẹ̀rí hàn. Ìbéèrè wa nìyí: ta ni ọmọ àgbẹ̀?

A kò lòdì sí irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà yóò gba Àkùngbá kọjá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà. Ọmọ tí ń ti oko bọ̀ lè máa fi ojú rí ilé-ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́, kí owó iṣu àti kòkó baba rẹ̀ má sì tó mú un wọ ibẹ̀. Ó tọ́ kí a ràn án lọ́wọ́.

Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é ṣáájú wa. Ní 1951 ni Bọ́ọ̀dù tí ń ta kòkó ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, dá owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ àwọn àgbẹ̀ kòkó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìrànwọ́ wà fún ọmọ àwọn tí ó wa èédú nínú ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ti kòtò èédú jíjìn tí ó kẹ́yìn níbẹ̀ pa ní 2015. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wa èédú ní ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, Bọ́ọ̀dù ilẹ̀ Ghana sì ń ṣe àkọsílẹ̀ àgbẹ̀ tirẹ̀. Ìwé wo ni àgbẹ̀ tiwa ní, láti 1986 tí Ìjọba Nàìjíríà ti fagi lé Bọ́ọ̀dù kòkó?

Níbi tí kò sí ìwé, ẹnu ènìyàn ni ẹ̀rí. Ibẹ̀ sì ni àbòsí ń gbà wọlé. Oníṣòwò tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ oko kòkó rẹ̀ rí yóò pe ara rẹ̀ ní àgbẹ̀, nítorí pé òun ni ó ni ilẹ̀. Alágbàṣe tí ó ṣán oko náà, ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, àti opó tí ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ìdí òkè ní Ọ̀kà kò ní ilẹ̀ tí wọn yóò nàka sí. Bí a bá fi ilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ olówó ni yóò gba owó ọmọ tálákà.

Èrò tiwa ni pé ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú ni kí a wò. Kí baálé àdúgbò, ẹni tí ń ra ọjà oko náà, àti olùkọ́ ọmọ náà jùmọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kí a sì lẹ orúkọ àwọn tí ó bá rí owó gbà mọ́ ara ògiri ní gbangba.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, káàdì ẹgbẹ́ kì í ṣe ọkọ́. Ẹ má ṣe bẹ olùkọ́ pé kí ó fi ọmọ ẹgbẹ́ rọ́pò ọmọ àgbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ọmọ tí ń pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó kọ́kọ́ yà sí oko. Bí ẹ bá fọwọ́ sí irọ́, ọmọ náà ni ẹ jà lólè. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kùtà ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà.