Omi ni Ọ̀tá Ọ̀nà

Kí ọ̀dà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ro ọ̀nà tirẹ̀. Bí òjò bá ti jẹ́ kí koríko bo ojú ọ̀nà, tí ọdún ìlú sì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin á kó àdá àti ọkọ́ jáde, wọ́n á ro ó dé ààlà, níbi tí àwọn ará ìlú kejì ti máa gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń rìn lọ tó já sí igbó lójijì mọ ìlú tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀. Lóde òní ńkọ́? Títì tí a fi owó ńlá da ọ̀dà sí, òjò ọdún méjì ti tó láti sọ ọ́ di kòtò. Ọ̀rá ti dí gọ́tà pa, omi ń gba ojú títì, aráàlú ò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, òun ló jẹ́ kí n máa kà nípa ọ̀nà àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́, nítorí omi ni ọ̀tá tiwọn náà.

Ní ọdún 312 ṣáájú ìbí Jésù, Róòmù ń bá àwọn ẹ̀yà Samnite jagun, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí ọmọ ogun lè gbà láìrì sínú ẹrẹ̀. Appius Claudius, ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ìlú, ló ní kí wọ́n la ọ̀nà láti Róòmù dé ìlú Capua, nǹkan bí kìlómítà 195. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀nà náà ń jẹ́ dòní: Via Appia. Òun ni Pọ́ọ̀lù gbà wọ Róòmù ní ẹlẹ́wọ̀n, nínú orí 28 ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì.

Bí àwọn ará Róòmù bá fẹ́ la ọ̀nà, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tó le, wọ́n á to òkúta ńláńlá sísàlẹ̀, wọ́n á da wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀. Lórí Via Appia, òkúta dúdú láti inú òkè ayọnáyèéfín ni wọ́n wá tò sójú, wọ́n sì gbẹ́ wọn kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà Róòmù ló rí bẹ́ẹ̀ o. Òkúta wẹ́wẹ́ lásán ló wà lójú ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí wọ́n fọkàn sí ni pé kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi lè ṣàn sínú yàrà.

Ibi tó le jù lójú Via Appia ni irà Pontine. Omi ibẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n gbẹ́ odò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà; arìnrìn-àjò á wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́, ìbaaka á máa fà á lọ. Akéwì Horace sọ pé ẹ̀fọn àti ọ̀pọ̀lọ́ ò jẹ́ kí òun sùn níbẹ̀. Ní ìlú Terracina, lẹ́yìn irà náà, àpáta ló dí ọ̀nà. Nígbà ayé olú-ọba Trajan, wọ́n gé e lulẹ̀ tó nǹkan bí mítà 36, wọ́n ń fín iye ẹsẹ̀ bàtà sára rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. 120 tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Ìtọ́jú wọn ló wú mi lórí jù. Èèyàn pàtó ni wọ́n ń yàn sórí ọ̀nà. Julius Caesar wà nípò yẹn rí lórí Via Appia, ó sì ná owó ara rẹ̀ púpọ̀ sí i. Lọ́dún 20 ṣáájú ìbí Jésù, olú-ọba Augustus gba àbójútó àwọn ọ̀nà sọ́wọ́, ó yan àwọn ọ̀tọ̀kùlú sí i. Òpó òkúta wà lójú ọ̀nà ní nǹkan bíi kìlómítà kan àtààbọ̀ síra, orúkọ aláṣẹ tó ṣe ọ̀nà tàbí tó tún un ṣe sì máa ń wà lára wọn.

N kò gbàgbé ìkà tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 71 ṣáájú ìbí Jésù, nǹkan bí 6,000 ẹrú tó tẹ̀ lé Spartacus dìtẹ̀ sí Róòmù ni ọ̀gágun Crassus kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Via Appia, láti Capua dé Róòmù.

Nígbà tí agbára Róòmù wó, tí kò sẹ́ni tó ń kó ẹrẹ̀ inú yàrà mọ́, irà Pontine bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Ó di apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún kí Póòpù Pius VI tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà tuntun. Omi fà, kẹ̀kẹ́ ẹṣin sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí Appius là.