Gẹ̀gẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Áyódínì

Bí ọrùn bá wú, ohun tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Lọ wá áyódínì lò.” Òtítọ́ ni pé àìtó áyódínì nínú oúnjẹ a máa fa gẹ̀gẹ̀, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi í sí iyọ̀ ní Nàìjíríà láti 1993. Ṣùgbọ́n gẹ̀gẹ̀ kan wà tí kò fẹ́ ẹ rárá.

Ní iwájú ọrùn wa ni ohun kan wà tó rí bí labalábá, tí àwọn dókítà ń pè ní táírọ́ọ̀dù. Bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ óò máa jẹun kí ẹ sì máa rù. Àyà yín yóò máa lù kìkì, ọwọ́ yín yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bò yín níbi tí ara ti tu ẹlòmíràn, nǹkan oṣù lè dínkù, ẹyinjú àwọn mìíràn a sì yọ síta. Àwọn aládùúgbò á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ná.

Áyódínì ni táírọ́ọ̀dù fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wá ra oògùn koríko òkun tí wọ́n ń polówó nínú ọjà àti nínú mọ́tò, igi ni ẹ ń kó sínú iná. 150 máíkírógíráàmù lóòjọ́ tó àgbàlagbà. Hóró kan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ní 1995 àwọn dókítà ròyìn láti Zimbabwe pé àìsàn yìí pọ̀ sí i lẹ́yìn tí áyódínì wọ inú iyọ̀ wọn.

Ẹ má torí èyí kó iyọ̀ kúrò nílé o! Aboyún nílò 250, àwọn ọmọ náà sì nílò tiwọn. Oògùn alágbára ni mo ní kí ẹ ṣọ́ra fún, kì í ṣe iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Obì ńkọ́? Ohun tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì, ó sì ń mú kí àyà tó ti ń sáré tún sáré sí i. Mo mọ̀ pé èyí kò ní dùn mọ́ bàbá ilé. Ẹ dín in kù, àti tíì líle nígbà sàárì. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin, wàrà àti ẹja kéékèèké teegunteegun, nítorí àìsàn yìí a máa jẹ egungun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo báyótìn kí irun yín lè gùn, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ó lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé ẹ ní àìsàn tí ẹ kò ní.

Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò tí ì rọlẹ̀, kí ó bi dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀. Kùránì fún aláìsàn láyè láti san án ní ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì ń lo carbimazole tí ibà mú yín, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín, ẹ dá a dúró, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.