Ta ni Àgùdà ní Àjàṣẹ́?

Ní Èkó, bí wọ́n bá pe ènìyàn ní Àgùdà, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ń sọ. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ìtumọ̀ yẹn kò tó. Àgùdà ni ìdílé Paraïso, Mùsùlùmí sì ni wọ́n. Mọ́sáláṣí Ńlá ìlú pàápàá jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ wọn ló padà sí etíkun wa.

Èdè náà kọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Faransé (èmi náà, ọmọ rẹ̀ ni mí) ti gba ipò Potogí. Potogí kù sínú orin burian, eré oníbòjú tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú burrinha, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré, tó máa ń jáde nígbà ọdún Bonfim ní oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ akọrin ni kò lè túmọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ.

Lójú mi, orúkọ ìdílé ló ń sọni di Àgùdà: da Silva, d'Almeida, de Souza. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ ẹni tó ta ènìyàn, ọmọ ẹni tí wọ́n tà tó sì padà wálé, ọmọ ẹrú ilé tó jẹ́ orúkọ olówó rẹ̀: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ orúkọ kan náà. Nítorí náà, bí ìwé atúmọ̀ bá kọ « Brésilien » síwájú Àgùdà tó sì dákẹ́, ó ti bá orúkọ náà bo ìtàn mọ́lẹ̀.