Ẹyẹ tó ń sá fún yìnyín wá sí Slimbridge: kí ló ń dín wọn kù?

Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí lọ́dọọdún, àwọn ẹyẹ ńlá funfun kan, ọlọ́rùn gígùn, máa ń balẹ̀ sí Slimbridge lẹ́bàá odò Severn, ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Swan Bewick ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìpẹ̀kun àríwá Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń bọ̀, ìrìn nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Bí omi ibẹ̀ bá ti di yìnyín, wọn kò rí oúnjẹ jẹ mọ́, ni wọ́n bá kó ọmọ wọn lẹ́yìn.

Peter Scott, ayàwòrán tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ẹyẹ, ló dá ibùdó ààbò ẹyẹ tó wà ní Slimbridge sílẹ̀ lọ́dún 1946. Ní 1964, bó ṣe ń wo àwọn swan náà láti ojú fèrèsé, ó ṣàkíyèsí pé àwọ̀ dúdú àti yẹ́lò tó wà lẹ́nu wọn kò bára mu. Ti òmíràn, dúdú ló sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé ṣóńṣó ẹnu. Ti òmíràn, yẹ́lò ló gba òkè ẹnu kọjá. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú wọn sínú ìwé, wọ́n sì ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Iṣẹ́ náà kò dúró títí dòní. Òun la fi mọ èyí tó padà wá tòun tọmọ, àti èyí tí a kò rí mọ́. Lọ́dún 2010, tọkọtaya kan padà dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú ẹnìkejì tuntun. Àwọn olùwádìí sọ nígbà náà pé ẹ̀ẹ̀kejì péré nìyẹn tí irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí 4,000 tọkọtaya tí wọ́n ti ń ṣọ́ láti ogójì ọdún.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń dín kù. Ní 1995, nǹkan bí 29,000 ló ń lo ìgbà òtútù ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nígbà tó fi di 2010, wọ́n ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 18,000. Àwọn kan ní òtútù tí kò mú tó tẹ́lẹ̀ ló fà á. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ti ń dúró sí Nẹ́dálańdì àti Jámánì dípò kí wọ́n dé Ìlú Ọba. Àmọ́ wọ́n ka àwọn tó dúró lọ́nà náà mọ́ iye yẹn, nítorí náà àlàyé yìí nìkan kò tó.

Wáyà iná ń pa wọ́n. Ìbọn náà ń bà wọ́n, bẹ́ẹ̀ òfin dáàbò bò wọ́n ní gbogbo ojú ọ̀nà wọn: nígbà tí wọ́n fi X-ray wo àwọn tó ṣì wà láàyè, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ní ọta lára. Èyí tó burú jù lójú mi ni òjé. Ẹyẹ omi máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè lọ oúnjẹ. Ọta òjé tí ọdẹ yìn sínú irà jọ òkúta yẹn. Iwe á lọ̀ ọ́, májèlé á wọ ẹ̀jẹ̀. Láti 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ọta òjé fún pípa ẹyẹ omi, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú ẹrẹ̀ kì í jẹrà.

Ní Slimbridge, wọ́n ń tún ibẹ̀ ṣe de àwọn ẹyẹ náà: màlúù ló ń jẹ koríko pápá wálẹ̀ nígbà ooru. Bí òtútù bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ á jẹ́ kí omi dúró lórí pápá, kí àwọn ẹyẹ lè sùn lójú omi níbi tí ọwọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò ti ní tó wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti bárò ọkà dé etí omi, wọ́n á máa fọ́n ọn. Ìgbà náà ni swan ń sún mọ́ni tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè wo ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bristol tàbí Gloucester, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wò wọ́n kó tó di oṣù kẹta, tí wọ́n á ti máa padà sí Rọ́ṣíà. Owó ìwọlé yín wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.